Anattā

Anattā (èdè Pálì, anātman ní èdè Sanskrit) ni ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Búddà tó sọ pé kò sí “èmi” kan tó wà títí láé, tí kì í yí padà, nínú ènìyàn.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé mímọ́ èdè Pálì ti sọ, Búddà ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí fún ọmọ-ẹ̀yìn márùn-ún nítòsí ìlú Varanasi ní Íńdíà, nínú ìwàásù tí à ń pè ní Anattalakkhaṇa Sutta. Ó pín ènìyàn sí ọ̀nà márùn-ún: ara, ìmọ̀lára, ìdámọ̀ nǹkan, èrò tó ń súnni ṣe nǹkan, àti ìmọ̀. Gbogbo wọn ló ń yí padà, kò sì sí èyí tí ènìyàn lè pàṣẹ fún bó ṣe wù ú. Nítorí náà, kò sí èyí tó yẹ kí a pè ní “èmi”.

Àyẹ̀wò àti àríyànjiyàn

Nínú ìwé Milindapañha, Nagasena, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé kan, bi ọba Milinda (Menander, ọba Gíríìkì ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Kristi) bóyá àgbá kẹ̀kẹ́ tàbí àjàgà nìkan ni kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ọba gbà pé orúkọ lásán ni “kẹ̀kẹ́” jẹ́ fún àkójọpọ̀ àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bí kò bá sí “èmi”, ta ni yóò jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Nagasena fi olè tó jí máńgòrò ṣe àpẹẹrẹ: olè náà kò lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà nípa sísọ pé èso tí òun ká kọ́ ni olóko gbìn, nítorí ara èyí tí olóko gbìn ni èyí tí ó ká ti jáde. Àlàyé yìí kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ẹgbẹ́ Pudgalavāda gbà pé ẹni kan wà tí kì í ṣe ìpín márùn-ún náà, tí kò sì yàtọ̀ sí wọn. Onímọ̀ Vasubandhu tako wọn nínú Abhidharmakośabhāṣya.

Àṣàrò

Àyẹ̀wò nìkan kò tó. Satipaṭṭhāna Sutta kọ́ni láti máa kíyè sí èémí, ara, ìmọ̀lára àti ipò ọkàn. Bí ìrora bá dé, alásàrò yóò máa wo bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ṣe ń lọ, láìsọ ọ́ di tirẹ̀. Nínú Khemaka Sutta, Khemaka, tó ń ṣàìsàn, jẹ́wọ́ pé òun kò rí “èmi” nínú ìpín kankan, síbẹ̀ èrò “mo wà” ṣì kù, bí òórùn ọṣẹ ṣe máa ń kù lára aṣọ tí a ti fọ̀ mọ́. Àṣàrò tí kò dáwọ́ dúró ló ń mú èyí tó kù náà kúrò.