Dùùrù Hammond àti Àwọn Àwo Jáàsì Tó Ti Ìdí Rẹ̀ Jáde

Ní oṣù kẹrin ọdún 1935, Laurens Hammond, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe aago tà, gbé dùùrù kan jáde tí kò ní páìpù, tí kò sì nílò afẹ́fẹ́. Iná mànàmáná nìkan ló ń lò. Iṣẹ́ aago ló gbé e dé ìdí dùùrù: mọ́tò tó ń yí aago Hammond máa ń bá iná ìjọba rìn déédéé, kì í sáré jù ú lọ, kì í sì í falẹ̀. Ó so irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́ ọ̀wọ́ irin róbótó tí etí wọn ní eyín, ó sì fi òòfà sí ẹ̀gbẹ́ irin kọ̀ọ̀kan. Bí irin bá ti ń yí níwájú òòfà ni ohùn ń jáde. Irin 91 ló wà nínú B-3, irú tó lókìkí jù lọ, tí wọ́n ṣe láti 1954 títí di 1974. Nítorí pé mọ́tò ló ń darí ohùn, Hammond kì í yẹ̀ lóhùn àfi bí iná bá yẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún iná Amẹ́ríkà, tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀ gan-an bí wọ́n bá tan án sí iná Nàìjíríà tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ 50.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lówó dùùrù onípáìpù ni Hammond ní lọ́kàn. Inú àwọn tó ń kan dùùrù onípáìpù kò dùn sí i rárá. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó òwò, àjọ náà sì ní kí iléeṣẹ́ Hammond yọ díẹ̀ lára ohun tó ń sọ nínú ìpolówó rẹ̀. Ìyẹn kò dá ọjà rẹ̀ dúró.

Jáàsì ti ń fi dùùrù ṣeré kí ti Hammond tó dé. Lọ́dún 1926, Fats Waller bẹ̀rẹ̀ sí í gba orin sílẹ̀ lórí dùùrù onípáìpù ní Camden, ìpínlẹ̀ New Jersey, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tí iléeṣẹ́ Victor rà tó sì sọ di yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Irú dùùrù yẹn máa ń pẹ́ dáhùn, nítorí afẹ́fẹ́ ní láti rìn gba inú páìpù kọjá. Síbẹ̀ ọwọ́ Waller yá débi pé orin náà ń jó. Ní Harlem, níbi tí Waller ti ń tẹ dùùrù sí sinimá aláìfọhùn ní Lincoln Theatre, Count Basie, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti wo bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Yorùbá kan kó ipa nínú ìtàn yìí ní kùtùkùtù. Fela Sowande, tí wọ́n bí sínú ilé àlùfáà lọ́dún 1905, kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Ekundayo Phillips ní Kàtídírà Krístì tó wà ní Marina, l'Ékòó. Ó dé London lọ́dún 1934. Níbẹ̀, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ dùùrù ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń ṣe jáàsì. Ó bá Fats Waller ṣeré lórí pìánò, ó tẹ dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Kingsway Hall àti fún BBC, ó sì fi Hammond gbe orin Adelaide Hall, akọrinbìnrin ará Amẹ́ríkà tó fi London ṣelé, nínú àwọn àwo tí Decca gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1930. Lọ́dún 1943 ó gba oyè tó ga jù lọ tí Royal College of Organists ń fún atẹdùùrù. Àwọn tó ń kọ ìtàn jáàsì orí dùùrù sábà máa ń ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n sì parí ẹ̀ síbẹ̀, wọ́n a sì fo Sowande bí ẹni pé kò sí. Àìtọ́ gbáà ni.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ni Hammond gbà wọ àárín àwọn ènìyàn dúdú: ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ọtí. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi àti ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sì, bí oníwàásù bá gbóhùn sókè, dùùrù á dá a lóhùn. Bí ẹ̀mí bá gbé ìjọ, dùùrù ni yóò gbá ijó náà mú. Ọmọ tó gbọ́ èyí lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n tún ń bá nílé ọtí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wild Bill Davis, tó ti tẹ pìánò fún Louis Jordan, ló kọ́kọ́ fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1940 pé ẹnì kan lè jókòó ti Hammond kó sì dún bí ẹgbẹ́ olórin odindi. Lọ́dún 1956, orin "Honky Tonk" tí Bill Doggett gbé jáde gba gbogbo Amẹ́ríkà kan.

Ohun méjì tí Hammond kò fẹ́ ló sọ dùùrù rẹ̀ di ti jáàsì. Èkíní ni pé bí wọ́n bá tẹ àtẹ rẹ̀, ó máa ń dún "ká" fẹ́ẹ́rẹ́ kí ohùn tó jáde. Àbùkù ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ ka èyí sí, wọ́n sì gbìyànjú láti pa á rẹ́, àmọ́ àwọn olórin gbọ́ ìlù nínú rẹ̀. Èkejì ni sípíkà tí Don Leslie ṣe ní California ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, tó ní ẹnu tó ń yí bírí bírí nínú àpótí, tí ohùn fi ń gbọ̀n tó sì ń rìn káàkiri yàrá. Hammond kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Leslie sétí. Lónìí, kò sí olórin tó máa gbé B-3 kó má wá Leslie sí i.

Lẹ́yìn náà ni Jimmy Smith dé. Norristown, nítòsí Philadelphia, ni wọ́n ti bí i. Pìánò ló ń tẹ̀ kó tó gbọ́ Wild Bill Davis. Ó ra Hammond, ó gbé e sí ilé ìkẹ́rùsí kan, ó ya àwòrán àwọn pẹ́dààlì sórí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó má baà máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó jáde síta lọ́dún 1955, dùùrù kò rí bákan náà mọ́. Davis ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹgbẹ́ oníkàkàkí ńlá. Smith ní tirẹ̀ ń sáré lórí rẹ̀ bí Charlie Parker ṣe ń sáré lórí sakisofóònù. Nínú ọ̀pá mẹ́sàn-án tí atẹdùùrù ń fà láti po ohùn pọ̀, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń fà dé òpin, ohùn á sì jáde ní kíki, tó mú, tí kò ní ìdọ̀tí. Alfred Lion tó dá iléeṣẹ́ Blue Note sílẹ̀ ní New York gbà á wọlé lọ́dún 1956, àwo tó kọ́kọ́ ṣe síbẹ̀ sì ni A New Sound... A New Star. Orúkọ náà kò ṣe àsọdùn.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọwọ́ òsì atẹdùùrù ló ń rìn lórí ohùn ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́, nítorí náà ẹgbẹ́ kò nílò ẹni tó ń ta bàásì. Dùùrù, gìtá àti ìlù ti tó. Bí owó bá wà, sakisofóònù á kún un. Onílé ọtí ní Newark, Philadelphia tàbí Harlem lè san owó ẹni mẹ́ta kó sì gbọ́ ariwo ẹni mẹ́wàá. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni gbígbé. B-3 pẹ̀lú àga àti pẹ́dààlì rẹ̀ súnmọ́ igba kílò, àwọn mìíràn sì ra ọkọ̀ ìgbókùú láti máa fi gbé e kiri.

Philadelphia bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn atẹdùùrù wọ̀nyí. Shirley Scott, ará ìlú náà, ṣe àwọn àwo Cookbook pẹ̀lú Eddie "Lockjaw" Davis fún iléeṣẹ́ Prestige lọ́dún 1958. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ohùn, obìnrin náà kò sì kéré sí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ yìí. Jimmy McGriff sọ "I've Got a Woman" di orin ìlú lọ́dún 1962. Jack McDuff mú George Benson, ọ̀dọ́mọdé onígìtá, mọ́ra. Richard "Groove" Holmes gba "Misty" sílẹ̀ lọ́dún 1965, Charles Earland, tó ti fọn sakisofóònù fún McDuff rí, gba Black Talk! sílẹ̀ ní ìparí 1969.

Ọ̀pọ̀ àwọn àwo wọ̀nyí ti ọwọ́ ẹnì kan kọjá: Rudy Van Gelder. Nínú pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, ìpínlẹ̀ New Jersey, ló ti ń gba orin sílẹ̀ títí di 1959, kó tó kọ́ yàrá tirẹ̀ sí Englewood Cliffs. Níbẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 1960, Smith, Stanley Turrentine, Kenny Burrell àti Donald Bailey ṣe Back at the Chicken Shack. Àmọ́ kì í ṣe àwo ńlá ló kọ́kọ́ dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Àwo kékeré tó ń yí nígbà 45 ní ìṣẹ́jú kan ni, tí wọ́n ń kó sínú ẹ̀rọ tó ń kọrin nílé ọtí bí wọ́n bá ju owó sí i. Wọ́n á gé orin gígùn sí méjì, apá kìíní lójú kan, apá kejì lójú kejì. Àwọn aṣelámèyítọ́ jáàsì kan fojú tẹ́ńbẹ́lú orin yìí, wọ́n ní orin ilé ọtí lásán ni. Wọ́n ṣì í gbọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ju owó sínú ẹ̀rọ yẹn ló ń bọ́ Blue Note àti Prestige, owó wọn náà ló sì jẹ́ kí àwo tó le rí àyè jáde.

Unity wà lára àwọn tó le. Larry Young, ọmọ Newark, gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1965 pẹ̀lú Woody Shaw, Joe Henderson àti Elvin Jones. Kò sí gìtá níbẹ̀. Young kò tẹ̀ lé Smith. Ọ̀nà tí John Coltrane onísakisofóònù là ló gbà. Kò sí àwo dùùrù jáàsì kankan tó jinlẹ̀ tó o.

Ní àwọn ọdún 1970, ẹ̀rọ kíbọ́ọ̀dù tí ènìyàn lè gbé sábẹ́ abíyá dé, ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, iléeṣẹ́ Hammond sì dáwọ́ ṣíṣe B-3 dúró. Àwọn àwo náà bọ́ sínú páálí lábẹ́ tábìlì. London ló kọ́kọ́ tún wọn gbé dìde, nígbà tí àwọn DJ ń fi wọ́n mú ènìyàn jó ní ìparí àwọn ọdún 1980. Àwọn ọmọ híp-họ́ọ̀pù tẹ̀ lé e: A Tribe Called Quest gé lára "Spinning Wheel" ti Lonnie Smith sínú "Can I Kick It?" lọ́dún 1990. Láti ìgbà náà ni owó àwo àkọ́tẹ̀ ti ń gun òkè.

Ẹni tó ń kó wọn jọ máa ń ka àwo kó tó gbọ́ ọ. Nínú àyè dúdú tó yí bébà àárín ká, lẹ́tà RVG fi hàn pé Van Gelder ló gé ilà rẹ̀. Àmì kékeré kan tó dà bí etí ènìyàn, tó jẹ́ lẹ́tà P ní tòótọ́, ni ti Plastylite, iléeṣẹ́ tó ń tẹ àwo fún Blue Note títí wọ́n fi ta Blue Note fún Liberty. Bí bébà àárín bá ní àdírẹ́sì 47 West 63rd, ó sábà máa ń jẹ́ àtẹ̀jáde tó ṣáájú 1962. Bó bá jẹ́ New York USA, ó tẹ̀ lé e. Bí orúkọ Liberty bá hàn, ó di lẹ́yìn 1965. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń yẹ gbogbo àmì wọ̀nyí wò papọ̀, nítorí iléeṣẹ́ máa ń lo bébà àtijọ́ tán kó tó tẹ tuntun.

Àwo dùùrù tó mọ́ tónítóní ṣọ̀wọ́n ju àwo jáàsì yòókù lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n lò ó. Ibi àríyá ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, lórí giramafóònù tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wúwo, tí ọtí sì ń ta sí i lára. Ẹni tó bá kọ àwo sílẹ̀ nítorí ariwo díẹ̀ yóò pàdánù púpọ̀. Àtúntẹ̀ tó dára sì wà fún ẹni tí kò lówó àkọ́tẹ̀: láti 2019, ọ̀wọ́ Tone Poet ti Blue Note ti dá irú àwo bíi Face to Face ti Baby Face Willette padà sórí àtẹ.

Etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yẹ kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọwọ́ òsì, nítorí ibẹ̀ ni orin gbé dúró, kó tó gbọ́ eré tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Sípíkà kékeré kò ní gbé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn jáde. Àwo mẹ́ta tó tó fún ìbẹ̀rẹ̀ ni Back at the Chicken Shack, Unity àti Black Talk!.