Pọ́ǹpù Tí Kò Ní Ohun Tí Ń Yí Nínú

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lé orí pọ́ǹpù kan tí kò ní ọ̀pá tí ń lọ tí ń bọ̀, tí kò sì ní kẹ̀kẹ́ tí ń yí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ń ti irin olómi gba inú páìpù kọjá ní ọ̀sán àti ní òru. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè pè é ní oògùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀.

Michael Faraday, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1821, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó da mẹ́kúrì, irin tí ń ṣàn bí omi, sínú ife kan. Ó gbé òòfà sí àárín rẹ̀, ó sì so wáyà rọ̀ láti òkè kí ìdí wáyà náà kan mẹ́kúrì. Bí ó ti jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú wáyà kọjá, wáyà náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí òòfà ká. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé, bí iná bá ń kọjá níbi tí agbára òòfà wà, agbára yóò máa ti ohun tí iná náà gba inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà, wáyà yóò lọ. Bí ó bá jẹ́ irin olómi, irin náà yóò ṣàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ na ọwọ́ òsì yín. Ẹ na àtàńpàkò sókè, ẹ na ìka ìlábẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e, síwájú, kí ẹ sì na ìka àárín sí ẹ̀gbẹ́. Ìka ìlábẹ̀ ni ọ̀nà tí agbára òòfà gbà, ìka àárín ni ọ̀nà tí iná gbà, àtàńpàkò sì ni ọ̀nà tí irin olómi yóò gbà lọ. John Ambrose Fleming ni ó fi ìlànà yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Gbogbo pọ́ǹpù náà kò ju èyí lọ.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Faraday kí ikú tó mú kí àwọn méjì kan ronú jinlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà náà, gáàsì olóró ni ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíríìjì. Ìtàn sọ pé Albert Einstein kà nínú ìwé ìròyìn ní ìlú Berlin pé gáàsì jò láti inú fíríìjì ìdílé kan, ó sì pa wọ́n, títí kan àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ọ̀ràn náà dùn ún púpọ̀. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan láti ilẹ̀ Hungary, Leo Szilard, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi tí ohun kan bá ti ń yí nínú ẹ̀rọ ni dídí rẹ̀ ti ń jẹ, ibẹ̀ sì ni gáàsì ti ń jáde. Àwọn àgbà wa ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n tí àwọn méjèèjì dá nìyẹn: kí ẹ̀rọ náà má lanu rárá.

Wọ́n di páìpù irin pa pẹ̀lú irin olómi nínú rẹ̀, wọ́n sì fi wáyà bàbà wé e láti òde. Agbára òòfà láti òde ni ó ń ti irin olómi, irin olómi ni ó sì ń fún gáàsì. Ilé-iṣẹ́ A.E.G. ní Berlin kọ́ ọ, ó sì ṣiṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 1931. Ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ jọjọ, owó wọ́n láyé, wọ́n sì ti rí gáàsì mìíràn tí kò lóró ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Hitler gba ìjọba ní ọdún 1933, Einstein àti Szilard, tí í ṣe Júù, kò lè gbé Jámánì mọ́. Fíríìjì náà kò dé ọjà.

Ṣé iṣẹ́ wọn wá ṣègbé ni? Rárá. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìléru átọ́ọ̀mù, wọ́n rí i pé ooru inú irú kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti máa fi irin olómi gbé e jáde. Sódíọ̀mù dára fún un: ó ń yọ́ ní ìwọ̀n 98 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kì í sì í hó títí yóò fi tó nǹkan bí 883. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan omi, iná ni. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè ti Berlin ni ó padà wá: báwo ni a ó ṣe ti ohun tí kò gbọdọ̀ jò?

Ní Dounreay, ní ilẹ̀ Scotland, wọ́n lo pọ́ǹpù oníná òòfà 24 nínú ìléru tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959. Ní ọdún 1962 ó fún ìlú ní iná; ọdún 1977 ni wọ́n pa á.

Kíkọ́ irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ kò rọrùn. Wọ́n ní láti tẹ páìpù pẹlẹbẹ kí òòfà lè súnmọ́ irin inú rẹ̀. Bí ara páìpù bá nípọn jù, iná yóò gba ara rẹ̀ kọjá lófo. Bí ó bá fẹ́lẹ́ jù, kò ní lè gba ooru àti agbára mọ́ra. Irú èyí tí iná gba inú irin rẹ̀ tààrà ń fẹ́ iná tí ó pọ̀ gan-an, nítorí náà ọ̀pá bàbà tí ó ki ni wọ́n fi ń gbé e wọlé. Ó sì ń jẹ iná ju pọ́ǹpù tí ń yí lọ. Àwọn tí ó yàn án mọ èyí. Wọ́n gbà láti san owó iná náà, kí ohun tí ó wà nínú páìpù lè dúró sínú páìpù.

Ẹ̀yin olùgbọ́, fíríìjì tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe làálàá kò wọ ilé ìdáná ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n dá nítorí ìdílé kan ní Berlin rí iṣẹ́ ṣe níbòmíràn.