Orúkọ Wo Ló Bá Ìlù Art Blakey Mu?

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 1958, Art Blakey, onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, kó ẹgbẹ́ rẹ̀, Jazz Messengers, lọ sílé Rudy Van Gelder ní Hackensack, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Yàrá àlejò àwọn òbí Van Gelder ló fi ṣe sítúdíò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gba ohùn àwo Moanin' sílẹ̀. Bobby Timmons ló kọ orin tí àwo náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Dùùrù Timmons yóò sọ gbólóhùn kúkúrú kan, fèrè Lee Morgan àti ti Benny Golson yóò sì gbà á bí ìgbà tí ìjọ bá ń ṣe àmín. Olórin Yorùbá tó bá gbọ́ ọ kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀rọ̀: dùùrù ń lé, fèrè ń gbè. Lílé àti gbígbè ti wà lẹ́nu àwọn olórin wa tipẹ́, ẹni tó bá ń kọ̀wé lórí orin jáàsì kò gbọdọ̀ pa wọ́n tì.

Ìlù ló wá ṣòro. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó, ọwọ́ méjì, ẹsẹ̀ méjì, iṣẹ́ tí ìyáàlù, kẹríkẹrì, gúdúgúdú àti agogo máa ń pín láàárín ara wọn sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó bá fẹ́ sọ àkójọ ìlù yìí lórúkọ a máa fi ojú wọ̀n ọ́n: ìlù ńlá, ìlù kékeré, abala irin. Àwọn baba onílù wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni wọ́n wò. Ìyáàlù ló ń darí, òun ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ ìyá. Ìsáájú, orúkọ rẹ̀ ti sọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Ọ̀nà yẹn ló yẹ kí a tọ̀ bí a bá dé ọ̀dọ̀ Blakey.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ yanjú orúkọ orin náà. Ẹni tó bá kọ "jáàsì" nìkan lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà, torí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà, jáàsì ti di oògùn. Wọ́n á ní wọ́n ṣe jáàsì fún ọkùnrin kan ló fi gbé obìnrin kan níyàwó. Lẹ́nu àwọn àgbà olórin háíláìfù ẹ̀wẹ̀, àkójọ ìlù òyìnbó fúnra rẹ̀ ni jáàsì. "Orin jáàsì" ló dára jù, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gùn.

Àwọn abala irin tó ń dún lórí ìdúró wọn ńkọ́? Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti bá a pàdé ṣáájú wa. Nínú Orin Dáfídì 150, aro ni wọ́n pè é. Nígbà tí wọ́n dé Kọ́ríńtì Kìíní orí 13, kímbálì ni wọ́n kọ. Aro ni kí a mú. Ó kúrú, ó sì rọrùn láti fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, ìkíkún yẹn sì pọn dandan, nítorí pé aro ju ẹyọ kan lọ níwájú onílù. Láyé àtijọ́, ìlù ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílù jáàsì fi ń pa àkókò mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ní ilé fàájì Minton's Playhouse ní Harlem, Kenny Clarke, ọmọ Pittsburgh bíi ti Blakey, wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ náà kúrò lẹ́sẹ̀, tí wọ́n gbé e lé aro ńlá lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni aro yẹn ti ń ṣe ohun tí agogo ń ṣe nínú àpàlà: ó ń di ìlù mú kí àwọn yòókù lè máa ṣeré. Aro adìlùmú ni ká máa pè é. Èyí tó jẹ́ méjì tó ń pàdé ara wọn, tí ẹsẹ̀ ń ṣí tó sì ń pa dé, àwọn ọmọ tó ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pè é ní háyáàtì. Kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ tó yẹn kò nílò arọ́pò.

Nígbà tí ìlù ẹsẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ àkókò, Clarke bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kó já lu orin lójijì. Ogun àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn, àwọn olórin Amẹ́ríkà sì fi orúkọ bọ́ǹbù pè é. Yorùbá kò ní láti yá ogun ẹlòmíràn lò: ìlù ẹsẹ̀ sọ gbì, ó tán. Ìlù pẹrẹsẹ tó ní wáyà lábẹ́ ni ká jẹ́ kó máa jẹ́ ìlù oníwáyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí ló mú orúkọ yẹn wá, nítorí wáyà yẹn gan-an ló ń ṣiṣẹ́. Bí a bá tú u sílẹ̀, ohùn ìlù yí padà pátápátá.

Blakey lọ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní apá ìparí àwọn ọdún 1940. Ẹ̀sìn ló ní òun bá lọ, kì í ṣe ìlù, ó sì gba orúkọ Mùsùlùmí, Abdullah Ibn Buhaina. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó lórí fíìmù yóò rí i pé bí ọ̀pá ọwọ́ kan ṣe ń lu awọ, ìgúnpá ọwọ́ kejì ti gun orí awọ kan náà, ó ń tẹ̀ ẹ́, ohùn ìlù sì ń gòkè. Onígángan ń fún ọ̀sán, Blakey ń tẹ awọ. Ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Òyìnbó yóò fẹ́ wá orúkọ kan lẹ̀ mọ́ ọgbọ́n yìí. Yorùbá kò nílò rẹ̀, torí ọ̀rọ̀-ìṣe ti tó: ó fi ìgúnpá yí ohùn ìlù padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ohun tí Blakey fi lókìkí jù, tí ọ̀pá méjèèjì yóò máa gbọ̀n lórí ìlù oníwáyà, tí yóò bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí yóò máa wú títí yóò fi ti onífèrè wọnú orin. Ìlù kù rìrì. Kò sí àlàyé tó tún lè jù ú lọ.

Bí ẹgbẹ́ bá dákẹ́ fún onílù nìkan, ìdálù ni. Àdálù ì bá dùn létí, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí kò sí àmì ohùn, ẹ̀wà àti àgbàdo ni òǹkàwé yóò rò. Kí onífèrè àti onílù máa gbà á fún ara wọn ní ìwọ̀n mẹ́rin-mẹ́rin, pàṣípààrọ̀ ti kájú rẹ̀. Orin tí gbogbo olórin jáàsì mọ̀, tí ẹnikẹ́ni lè pè lórí ìtàgé láìṣe ìgbáradì, orin àjọmọ̀ ni.

Swing nìkan ni apá kò tíì ká. Aro adìlùmú ń dún tíìn, tín-ti-tíìn, èyí tó ṣáájú sì ń gùn ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Ṣùgbọ́n onílù méjì lè pín in bákan náà kí ti ẹnì kan má wúni lórí rárá. Wọ́n lè ní ká lo "fì", àmọ́ ẹ̀ka igi ló ń fì, a kì í sọ ọ́ fún ìlù. Àwọn oníjó a máa sọ pé ìlù kan ń gbé ẹsẹ̀ àwọn. Kí swing ṣì máa jẹ́ swing, kí a fi ọ̀rọ̀ àwọn oníjó yìí ṣàlàyé rẹ̀.

Àwọn kan tún fẹ́ràn láti pe Blakey ní Àyàn. Ìfẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ìdílé ni wọ́n ń bí Àyàn sí, orúkọ náà sì ní òrìṣà tirẹ̀. Onílù ni Blakey, onílù ńlá, ìyẹn ti gbé iyì rẹ̀ jáde. Ohun tó pa á pọ̀ mọ́ wa gan-an wà nínú àwo The African Beat, tó gbà sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ àwo Blue Note ní oṣù Kìíní ọdún 1962. Solomon Ilori, ọmọ Nàìjíríà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, ó lu ìlù tó ń sọ̀rọ̀, ó sì kọrin. Àkọlé Yorùbá wà lára rẹ̀: "Ife L'Ayo", "Tobi Ilu". Ẹ̀yìn àwo jáàsì ti ru èdè yìí láti ọjọ́ pípẹ́.

Tony Allen, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, gbọ́ àwo Blakey àti ti Max Roach, onílù jáàsì mìíràn, dáadáa kó tó di igi lẹ́yìn ọgbà Fẹlá. Ní 2017, ọdún mẹ́ta kó tó kú ní Paris, ó ṣe àwo kúkúrú kan fún Blue Note láti fi yẹ́ Blakey sí. Moanin' wà níbẹ̀, The Drum Thunder Suite náà wà níbẹ̀, èyí tí Golson kọ ní 1958 kí Blakey lè rí ibi lo kọ̀ǹgọ́ olórí rírọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọ̀rọ̀ wa wọn àwọn méjèèjì wò. Blakey a máa pa háyáàtì dé gírígírí lórí kíkà kejì àti kẹrin, aro adìlùmú rẹ̀ kì í yẹsẹ̀, ìlù oníwáyà rẹ̀ a sì máa kù rìrì bí orin bá fẹ́ yí ojú padà. Allen ń jẹ́ kí háyáàtì máa sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, ìlù ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń sọ gbì níbi tí etí kò ti retí rẹ̀, láìpariwo. Ọmọ tó ń lùlù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mushin lè ka gbólóhùn méjì yìí lẹ́ẹ̀kan, kó sì mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí.