Ọ̀nà Omi Òde Ùgbò

Ní àwọn erékùṣù Maldives, láti ọdún 1972 tí wọ́n ti ṣí ilé ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ níbẹ̀ fún àlejò, ọkọ̀ a máa gbé àwọn olówó láti erékùṣù kan dé òmíràn, wọn a sì gbé àgbá afẹ́fẹ́ tí Jacques Cousteau àti Émile Gagnan dá ọgbọ́n rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1943 kọ́ ẹ̀yìn, wọn a mòòkùn lọ wo ẹja aláràbarà nínú omi tí ó mọ́ gaara. São Tomé àti Príncipe, tí kò jìnnà púpọ̀ sí etíkun tiwa, náà ti ń pe irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí dé Òde Ùgbò, ìlú ọba Olúgbò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní etí òkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìtàn mìíràn ni yóò dá wa lóhùn, nítorí pé kí ìrìnàjò ojú omi tó di ìgbafẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ó ti jẹ́ ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà, ọ̀nà àna àti ọ̀nà ogun fún àwọn ọmọ Ìlàjẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ìtàn ọ̀nà náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí ó ń dùn mí pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pìtàn Yorùbá fi ń rìn láti Ifẹ̀ dé Ọ̀yọ́, wọn kì í sì í wọ inú ọkọ̀ rárá.

Àwọn Ùgbò gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wọn, àti pé onílẹ̀ ni wọ́n níbẹ̀ kí Odùduwà tó dé. Ohun tí Ifẹ̀ ń sọ nípa wọn korò ju èyí lọ: àwọn ni jagunjagun tí ń fi ìko bora bí ará ọ̀run, tí ń kó ọmọ Ifẹ̀ lẹ́rú, títí Mọremí, akọni obìnrin, fi tú àṣírí wọn. Ẹnu ìtàn méjì kò ní ṣàì takora, ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ara igi ògùrọ̀ ni ìko ti ń wá, igi ògùrọ̀ kì í sì í fẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹrẹ̀ etí omi, irú èyí tí àwọn Ùgbò ń gbé títí di òní, ni ilé rẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀dó sí kì í ṣe ilẹ̀ yanrìn bí etíkun Èkó. Bí ènìyàn bá ti ń wọ ilẹ̀ Màhín àti Ùgbò, ẹrẹ̀ ni òkun ń tì wá sí bèbè, débi pé àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ya apá yìí sọ́tọ̀ láàrin gbogbo etíkun Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí etíkun ẹlẹ́rẹ̀. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n tẹ́ ṣe títì, ọmọdé ibẹ̀ a sì mọ àjẹ̀ í dì mú kí ó tó mọ ọkọ́. Inú igbó òkè ni wọ́n ti ń wá igi ọkọ̀, nítorí igi ńlá tí ó tó ọkọ̀ gbẹ́ kò wọ́pọ̀ nínú ẹrẹ̀: wọn a gé odindi igi, wọn a gbẹ́ inú rẹ̀, wọn a fi iná yá a kí ìhà rẹ̀ lè là. Ọgbọ́n àtayébáyé ni. Ọkọ̀ tí darandaran kan ṣalábàápàdé lábẹ́ ilẹ̀ ní Dúfúnà, ní Yobe, ní 1987, ti tó nǹkan bí 8,000 ọdún. Ọkọ̀ kékeré ni ti inú odò, fún ìgèrè àti àwọ̀n. Ọkọ̀ ńlá, tí ó ní ìgbòkun àti ọ̀pọ̀ alájẹ̀, ni ti òkun, níbi tí wọ́n ti ń lé apò àti sáwá. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru: atukọ̀ a dúró wo ojú ọ̀run, a bọlá fún Màlokun, ọba omi, kí ó tó ti ọkọ̀ kúrò ní bèbè. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a má ṣe purọ́ pé kò ní adùn. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ tí alájẹ̀ ń gbé orin, tí àjẹ̀ gbogbo ń wọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, mọ̀ pé ìgbafẹ́ wà nínú làálàá.

Omi kan náà ni ó sọ Ìlàjẹ di ẹnu ọ̀nà fún àwọn ará òkè. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà mọ́ òwò Èkó, ọ̀nà ọ̀sà ìhà ìlà-oòrùn ni Gómìnà Glover ti Èkó gbójú lé, èyí tí ó gba Ẹ̀pẹ́ kọjá lọ sí Àtìjẹ́rẹ́ àti Ayésàn, tí ó sì ti ibẹ̀ gun òkè lọ sí Oǹdó. Ní 1872 ó rán Roger Goldsworthy lọ bá àwọn ará Oǹdó tún Òde Oǹdó dó. Ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí sì di ohun ìyè fún Èkìtìparapọ̀ tí ń bá Ìbàdàn jà, nítorí pé nínú ọkọ̀ ni ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wọn ní Èkó ń rà ti ń gòkè bọ̀. Àwọn òyìnbó mìíràn náà rí i. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ Gaiser ti Hamburg, tí kò fẹ́ san owó ibodè Èkó, bá Amápetù, ọba Màhín, ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀, aṣojú ìjọba Jámánì, Gustav Nachtigal, sì gbà á sábẹ́ ààbò; ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ọdún kan ṣoṣo, wọ́n fọwọ́ lé etíkun wa, wọ́n sì gbé e fún ẹlòmíràn.

Àwọn àlejò tí ó wá fún ìwòran lásán kò dé títí di ẹ̀yìn 1947. Ní ọdún yẹn, àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù kan ní ilẹ̀ Ùgbò, tí wọn kò fẹ́ bá àwọn ètùtù àtijọ́ lọ́wọ́ mọ́, tí inúnibíni sì lé wọn, kó lọ sí bèbè òkun gan-an, wọ́n dá Ayétòrò sílẹ̀. Wọ́n gbà pé kò sí tèmi, kò sí tìrẹ: àpò kan ni owó ẹja, aṣọ híhun, ọṣẹ àti búrẹ́dì ń bọ́ sí, inú àpò náà ni a sì ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kan ọkọ̀ ńlá, wọ́n gbẹ́ ipadò kí ọkọ̀ lè ráyè láti òkun dé ọ̀sà, wọ́n sì ní iná mànàmáná ní 1953, nígbà tí fìtílà ni ọ̀pọ̀ ìlú òkè ṣì ń tàn. Àwọn oníròyìn, olùkọ́ àti aláṣẹ wọkọ̀ wá wo Ìlú Ayọ̀, bí wọ́n ti ń pè é. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Stanley Barrett pàápàá kọ ìwé lórí ìgòkè àti ìṣubú ètò náà, ó sì jáde ní 1977. Mo gbà pé kò tíì sí ìlú mìíràn ní gbogbo etíkun Yorùbá tí àlejò ti rí ohun tí ó yẹ kí ó fi ojú rí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti mímòòkùn, omi Ìlàjẹ kì í ṣe omi ìwòran. Ẹrẹ̀ ti sọ ọ́ di dúdú, ojú kò sì wúlò lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ni òmòòkùn fi ń ríran bí ó bá ń wá àwọ̀n tí ó há mọ́ kùkùté. Ọgbọ́n yìí ni àwọn ọmọ Ìlàjẹ gbé lọ sí Èkó, sí Bàrígà àti Mákòókó, níbi tí àwọn àti àwọn Ègùn ti ń fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀sà láìsí àgbá afẹ́fẹ́ kankan, tí wọ́n ń fi korobá bu yanrìn sínú ọkọ̀ onígbòkun. Yanrìn náà wà nínú ògiri ọ̀pọ̀ ilé tí àwọn ará Èkó ń sùn sí lónìí.

Nísinsìnyí òkun ti ń gba Ayétòrò padà. Ilé, ilé-ìwé àti ibi ìsìnkú ti wọ omi, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ri òpó ilé wọn sẹ́yìn lọ́dọọdún. Iṣẹ́ ìdènà omi tí NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé jáde ní 2004 kò dí òkun lọ́wọ́. Àjò kò dùn kí onílé má rèlé, ṣùgbọ́n onílé tí omi gbé ilé rẹ̀, ibo ni yóò rè? Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kí a sọ etíkun Ùgbò di ibi ìgbafẹ́, kí ọkọ̀ máa gbé àlejò kiri láti abúlé dé abúlé. Ọ̀rọ̀ náà dára, àwọn atukọ̀ tí yóò ṣe é sì wà níbẹ̀. Àmọ́ odi òkun ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ, owó rẹ̀ sì wà nínú epo rọ̀bì tí wọ́n ń fà lábẹ́ omi Ìlàjẹ lójoojúmọ́.