Ewé Tòmátì Tó Ń Kákò: Ẹ̀kọ́ Ìtàn fún Àgbẹ̀ Ilẹ̀ Okun

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí tòmátì, nítorí kòkòrò tí àwọn ènìyàn sọ ní “Ebola tòmátì” ti ba oko jẹ́. Gbogbo ìlú ló gbọ́, torí owó ọbẹ̀ ga sókè. Ṣùgbọ́n ọ̀tá mìíràn wà tí kì í pariwo: àrùn tó ń mú ewé tòmátì kákò. Ó yẹ kí àgbẹ̀ Kabba, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ mọ ìtàn rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń gbin tòmátì sí àkúrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àlejò ni tòmátì ní ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àfonífojì Jọ́dánì ni a ti ṣàkíyèsí àrùn yìí ní nǹkan bí ọdún 1939 sí 1940. Ní ọdún 1964, Cohen àti Harpaz ṣàlàyé pé eṣinṣin funfun kékeré tó ń gbé abẹ́ ewé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Irú ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yàtọ̀: ọ̀kan ń jẹ́ orúkọ Mali, òmíràn ń jẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú èpò àti igbó ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wà kí àlejò tó dé. Eṣinṣin kan náà ló ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ewé tó kákò ló ní àrùn. Bí oòrùn bá mú tí omi sì wọ́n, ewé àgbà nísàlẹ̀ a máa ká sókè, igi náà kò sì ní ṣíwọ́ èso. Ṣùgbọ́n bí ọ̀mùnú bá kéré, tí etí rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí igi ràn, tí òdòdó sì ń rẹ̀ dànù, fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí oògùn tó lè wo igi bẹ́ẹ̀ sàn. Ẹni tó ń fín oògùn apakòkòrò sí i lójoojúmọ́ ń náwó dànù, eṣinṣin náà a sì máa mọ́ oògùn lára.

Ìdènà ló kù. Kí a fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ bo ibi tí a ti ń tọ́ ọ̀gbìn, kí a fa igi tó ní àrùn tu ní kùtùkùtù, kí a sì ro èpò etí oko. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn olùwádìí ti ń mú irúgbìn tó lè farada àrùn náà jáde, láti ara ìbátan tòmátì inú igbó Peru.

Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù wá láti Mali. Ní Baguineda, àwọn àgbẹ̀ fohùn ṣọ̀kan láti má gbin tòmátì àti ata fún oṣù méjì lọ́dún. Fáírọ́ọ̀sì kò rí ilé gbé, ìkórè sì dára sí i. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá fa tirẹ̀ tu, tí aládùúgbò fi tirẹ̀ sílẹ̀, asán ni. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Kabba kò ṣàìní ibi tí a lè ti bẹ̀rẹ̀: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello wà níbẹ̀. Àwọn baba wa fi ọ̀wẹ̀ àti àáró ro oko ńlá. Ọgbọ́n kan náà ló kù tí a ó fi gba tòmátì là.