Adéṣẹwà, láti Glover dé Lọ́ńdọ̀nù

Lọ́dún 1947, Hubert Ogunde àti ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ẹgbẹ́ eré rẹ̀, Clementina Oguntimirin, gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Wọ́n kọ́ ijó waltz àti tap nílé-ẹ̀kọ́ Buddy Bradley, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó ń kọ́ àwọn òṣèré ìlú náà níjó. Nínú tap, irin ni wọ́n ń kàn mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà. Ẹsẹ̀ oníjó fúnra rẹ̀ ló ń dún bí ìlù.

Ìgboyà ńlá ni ìrìn àjò yẹn jẹ́ fún ọ̀dọ́bìnrin nígbà náà.

Gbọ̀ngàn Glover, ní Èkó, ni Ogunde ti kọ́kọ́ gbé eré jáde lóṣù kẹfà ọdún 1944. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbe ni ará Èkó ń pe òṣèré. Òbí wo ló máa yọ̀ǹda ọmọbìnrin rẹ̀? Nítorí náà, Ogunde bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó. Clementina náà di aya rẹ̀, Adéṣẹwà.

Ní Amẹ́ríkà náà, ẹgbẹ́ ballet kan ní kí Janet Collins, oníjó aláwọ̀ dúdú, kun ojú rẹ̀ ní funfun kó tó lè bá wọn jó. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ọdún 1951 ló tó di àgbà oníjó ní Metropolitan Opera. Àwọ̀ ni wọ́n fi dínà fún Janet. Ẹnu aráyé ni Adéṣẹwà bá jà. Lójú tèmi, akọni ni àwọn méjèèjì.

Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa Adéṣẹwà lọ́dún 1970.