Lílẹ̀ àti Ìlò Rẹ̀ Ojoojúmọ́ ní Ẹdúnàbọ̀n àti Agbègbè Rẹ̀

Ìtumọ̀

Lílẹ̀ ni kí ohun kan di òmíràn mú nígbà tí wọ́n bá fara kan ara, débi pé ipá ni a ó fi yà wọ́n. Ohun tó ń lẹ̀ sábà máa ń rin díẹ̀. Bí omi inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, yóò ṣàn dànù. Bí ó bá gbẹ jù, kò ní mú nǹkan kan. Lílẹ̀ yàtọ̀ sí fífà: ọbẹ̀ ewédú àti ilá ń fà, síbẹ̀ wọ́n ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ní Ẹdúnàbọ̀n àti àwọn ìlú Orígbó yòókù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ifẹ̀, mímọ ìwọ̀n tó yẹ kí nǹkan lẹ̀ mọ jẹ́ ara ọgbọ́n iṣẹ́.

Amọ̀

Ìpetumodù, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ yìí, gbajúmọ̀ fún ìkòkò mímọ, iṣẹ́ tí àwọn obìnrin ń ṣe. Àwọn èròjà inú amọ̀ kéré gan-an, wọ́n sì pẹlẹbẹ. Omi tó wà láàárín wọn ló ń so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyí tí amọ̀kòkò fi ń gún amọ̀, tí ó ń rin ín, tí ó sì ń pò ó títí yóò fi dọ́gba. Amọ̀ tó lẹ̀ jù ń mọ́ni lọ́wọ́, ó sì ń sán bó ṣe ń gbẹ. Èyí tí kò lẹ̀ tó ń fọ́ lójú mímọ. Lẹ́yìn tí a bá ti sun ìkòkò níná, lílẹ̀ ti tán nínú rẹ̀.

Oúnjẹ àti aṣọ

Odó ni iyán ti ń rí lílẹ̀ tirẹ̀: gígún ń fọ́ isu sísè, ó ń tú sítáàṣì inú rẹ̀ sílẹ̀, iyán á sì di ọ̀kan. Omi ni a fi ń rin ọwọ́ kí iyán má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Sítáàṣì gbágùúdá náà ń wú, ó sì ń ki, bí ooru omi bá dé nǹkan bí 60 sí 70 °C. Òun ni ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi ṣe aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo. Ìyẹ́ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ náà sára aṣọ. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ kò ní gba aró. Bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró bá gbẹ, wọ́n á họ ẹ̀kọ náà kúrò, ọnà á sì hàn. Ẹ̀kọ náà gbọ́dọ̀ lè fara da aró, kó sì ṣeé họ.

Oko

Àfòmọ́ ń yọ àwọn olóko kòkó àti obì lẹ́nu. Oje tó bo hóró inú èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ẹyẹ tó jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bí ẹyẹ bá nu ẹnu mọ́ ẹ̀ka, hóró á lẹ̀ síbẹ̀, á hù, á sì máa fa omi àti oúnjẹ igi náà. Ọdẹ ẹyẹ náà ń lo lílẹ̀: àtè, tí wọ́n ń fi oje igi ṣe, ń mú ẹsẹ̀ ẹyẹ típẹ́típẹ́. Èèmọ́ ní tirẹ̀ kò ní oje; ìkọ́ kéékèèké ló fi ń rọ̀ mọ́ aṣọ àti irun ẹran.

Ìlò fún ènìyàn

A ń sọ pé ọmọ lẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, pé ìnagijẹ mọ́ ènìyàn lórí, pé ìwà ti mọ́ ọn lára. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí a ń sọ ni ìfarakanra tí kò rọrùn láti já.